Pátákó Orí Ilẹ̀ Ìyá Jọlá

Nígbà tí Ìyá Jọlá ti ìsìn Ọjọ́rú dé, pátákó kan ti dúró lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọ̀dà náà kò tíì gbẹ dáadáa, ó ń ṣàn wálẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀:

ILE YI NI A O GBA NI SATIDE. EGBE ODO AGBOWO.

Ó kà á tán, ó tún un kà. Ó fara ti ògiri.

Ilẹ̀ náà kò ju ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì lọ. Ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ ní Àgbowó ló wà. Ọkọ rẹ̀, olóògbé Gbádérọ̀, ló rà á, òun ló sì sọ fún un lórí ibùsùn àìsàn pé, "Adétóun, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba èyí lọ́wọ́ Jọlá o." Kò ṣàdédé sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti gba èkejì. Òun àti ọkọ rẹ̀ ní ilẹ̀ kan rí lẹ́yìn Ọ̀jọ́ọ̀. Lọ́jọ́ kan, àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan wá kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n ní ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìlú ni àwọn. Nígbà tí wọ́n máa padà wá, àdá ló wà lọ́wọ́ wọn. Bí ọgbà àjàrà tí ọba fi tipá gbà nínú Ìwé Mímọ́ ṣe lọ, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ náà ṣe lọ. Láti ìgbà náà, bí Ìyá Jọlá bá ti gbọ́ "ẹgbẹ́ ọ̀dọ́," àyà rẹ̀ á já.

Lóòótọ́, ilẹ̀ tó kù yìí ti di àkìtàn. Jọlá wà lókè òkun, agbára àtikọ́lé kò tíì sí, gbogbo àdúgbò sì ń da ìdọ̀tí síbẹ̀ títí tí ojú gọ́tà fi dí. Ṣùgbọ́n àkìtàn ẹni náà, tẹni ni.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í so ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ni Ramlah, ọmọbìnrin tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àdúgbò, wá kanlẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀, ó kí i dáadáa.

"Ẹ̀yin lẹ ni ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ yìí, mà?"

"Kí ló dé tí o fi ń bèèrè?"

"A kàn fẹ́ bá ẹni tó ni ín sọ̀rọ̀ ni mà. Ṣé ẹ máa wà nílé ní Sátidé?"

Ìyá Jọlá rántí ìkíni ọjọ́ Ọ̀jọ́ọ̀. "Ẹni tó ni ín ò tíì kú. Lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó rán ọ." Ó sì tilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kejì, láti ojú fèrèsé, ó rí Jésùtóbi tó ń fi téèpù wọn ẹnu ilẹ̀ náà, tó sì ń fi fóònù yà á. Jésùtóbi! Ọmọ ìjọ wọn ni, ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ìyá Jọlá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ó pè é. Ọmọ náà gbójú sókè, ó rí i, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ṣé olóòótọ́ a máa sá? Òun nìyẹn, pátákó nìyí.

Ó mú ìborùn rẹ̀, ó gba ilé Alága ìgbìmọ̀ àdúgbò lọ. Bàbá Ṣemílóore ni Alága, tísà tó ti fẹ̀yìn tì. Oṣù tó kọjá ni àwọn ọ̀dọ́ bèèrè fún àga méjì nínú ìgbìmọ̀ náà, kí àwọn náà lè máa dá sí ọ̀rọ̀ àdúgbò. Ìgbìmọ̀ pín sí ọgbọọgba lórí rẹ̀, ohùn Ìyá Jọlá nìkan ló kù. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ gbàdúrà sí i. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé yìí gan-an ni ìpàdé ìparí.

Alága gbọ́ ọ̀rọ̀ pátákó, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Ìyá Jọlá, ṣé mo sọ fún yín àbí mi ò sọ? Àga ni wọ́n kọ́kọ́ bèèrè. Ilẹ̀ ló kàn!"

"Kí la máa ṣe?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá. Èmi pẹ̀lú àwọn ọlọ́dẹ máa dúró dè wọ́n, a ó fà wọ́n lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ àga sì kú nìyẹn. Ṣé ohùn yín wà níbẹ̀?"

Ó rántí ibùsùn àìsàn Gbádérọ̀.

"Ó wà níbẹ̀," ni ó wí.

Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ṣí ìwé orin, kò rí ohùn gbé e. Ó kúnlẹ̀ àdúrà, ojú Jésùtóbi ló ń wá síwájú rẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun kò tíì bi ọmọ náà ní ohunkóhun. Ó ṣe àmín, ó dìde.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, ó wọ aṣọ funfun àdúrà rẹ̀, ó gbé àga sí àárín ilẹ̀ náà, ó sì jókòó ti pátákó pẹ̀lú agogo lọ́wọ́. Alága àti ọlọ́dẹ méjì ba sẹ́yìn ògiri. Kò pẹ́ tó fi gbọ́ ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn. Irin ń ha ojú títì. Àdá? Ó mi agogo kíkankíkan.

"Ẹ dúró síbẹ̀! Lórúkọ Jésù, ẹ ò ní í tẹ ibí!"

Àwọn ọ̀dọ́ náà dúró gbọnrangandan. Ramlah ló ṣíwájú, ó kúnlẹ̀ lójú títì. "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Ìwọ lo wá ṣe amí!"

"Ọlọ́dẹ, ẹ mú wọn!" ni Alága ké láti ẹ̀yìn ògiri. Ọlọ́dẹ kan fò jáde, ó di Jésùtóbi lọ́rùn aṣọ mú. Ohun tó wà lábẹ́ apá ọmọ náà já bọ́ sí ẹsẹ̀ Ìyá Jọlá.

Òṣùṣù ọwọ̀ ni. Ìgbálẹ̀.

"Ẹ wò ó!" Alága tún ké. "Ìgbálẹ̀! Mo mọ̀! Ẹgbẹ́ òṣèlú ló rán wọn!"

"Bàbá, ṣọ́bìrì náà wà níbí," ni ẹnì kan láàárín wọn dáhùn. "Ẹgbẹ́ òṣèlú wo ló ń lo ìyẹn?"

"Mọ́mì," ni Ramlah wí, omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀, "ilẹ̀ yìí la wá gbá. A wá tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ yín, ẹ tilẹ̀kùn. A wá kọ ọ́ sí pátákó pé bí ẹ ò bá fẹ́, ẹ máa wí."

"Kí lẹ wá ṣe é?"

"A wá gbá a, mà!"

Gbá. Ohùn ọmọ náà lọ sókè bí ẹyẹ. Ìyá Jọlá yíjú sí pátákó. Láti kékeré ló ti ń ka obìnrin tó sọ owó fàdákà rẹ̀ nù, tó tanná, tó gbá ilé rẹ̀. Kò ṣẹlẹ̀ rí kó kà á pé obìnrin náà gba ilé. Àmì wà lórí ọ̀rọ̀ náà nínú Ìwé Mímọ́. Kò sí àmì kankan lórí pátákó yìí, ohun tó wà nínú ọkàn tirẹ̀ ló sì kà sí i.

"Ta ló kọ eléyìí?"

Gbogbo wọn wo Jésùtóbi. "Èmi ni, mà."

"Àmì rẹ̀ dà?"

"Àmì wo, mà?"

"Àmì orí ọ̀rọ̀!"

"Mọ́mì, pátákó mà ni. Kì í ṣe ìdánwò."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn. Ìyá Jọlá kò rẹ́rìn-ín. "Kí lo wá ń fi téèpù wọ̀n?"

"Ẹnu ọ̀nà ni, mà. Bóyá ọkọ̀ akódọ̀tí á lè wọlé. Àwòrán yẹn la fi ránṣẹ́ sí wọn."

"Kí ló dé tí o fi sá fún mi?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Mo rò pé ẹ fẹ́ bi mí nípa ẹgbẹ́ akọrin ni. Mi ò tíì wá látìgbà Àjíǹde."

Alága súnmọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá Jọlá, ẹ má jẹ́ kí ẹnu dídùn tàn yín. Ìgbálẹ̀ lónìí, ìwé ilẹ̀ lọ́la."

Ohun kan nínú rẹ̀ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò lè purọ́ fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ó wo ọwọ́ ọlọ́dẹ lọ́rùn ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu òun ló gbé ọwọ́ yẹn débẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni ó wí. "Alága, ohùn tí mo fún yín, mo ti gbà á padà. Bí ìpàdé bá pé ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ohun tí màá sọ ni pé kí wọ́n jókòó sórí àga méjèèjì."

"Ìyá Jọlá! Ẹ̀rù ò bà yín?"

"Ẹ̀rù ń bà mí. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹni tí mò ń ṣọ́, ẹ jẹ́ kó jókòó níbi tí ojú mi ti máa tó o." Ó yíjú sí àwọn ọ̀dọ́. "Ó yá, ẹ gbá a. Bí ẹ bá gbá a, àwa náà á gbà yín."

Ó ní kí Jésùtóbi lọ mú ọ̀dà pupa rẹ̀ wá. Ó ti ọwọ́ aṣọ funfun sókè, ó sì fi ìlà kan lé orí GBA, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Lẹ́yìn náà ó padà sórí àga rẹ̀, ó jókòó, ó ń wò wọ́n. Wọ́n gbá, wọ́n kó, ọmọlanke ń lọ, ọmọlanke ń bọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ti mú téèpù jáde, á na ọrùn.

Oòrùn ti mú kí Ramlah tó pariwo láti igun ilẹ̀ náà. "Mọ́mì! Ẹ wá wo nǹkan o!"

Òpó sìmẹ́ńtì kékeré kan ni, àwọn nọ́ńbà wà lórí rẹ̀. Òpó ààlà ni, èyí tí Gbádérọ̀ àti àwọn awọnlẹ̀ jọ rì síbẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ìdọ̀tí ti bò ó. Ìyàwó rẹ̀ alára ti rò pé wọ́n ti hú u lọ. Ìyá Jọlá bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ nu erùpẹ̀ ojú rẹ̀ bí ẹni ń nu ojú ọmọ. 

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọlọ́run á gbọ́ tiyín." Ó dìde, ó tún wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ rọra gbá a yí ká. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sún un o!"