Páànù Tó Ṣẹ́kù

Ní abúlé wa lẹ́bàá Fìdítì, ilé méjì péré ló ní páànù lórí: ti Sìrájù oníkòkó àti tèmi. Koríko ni àwọn tó kù fi bo tiwọn. Páànù yìí sì ni àwọn agbowó-orí fi ń mọ olówó.

Lọ́dún tí ìjọba fi kún owó orí àwọn olówó, Sìrájù tú páànù rẹ̀, ó kó o sínú mọ́tò, ó ní Ìlọrin lòun ń kó lọ. Inú bí mi gan-an. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, mo jágbe mọ́ ọn pé, "Ojo! Máa lọ! Ṣé ìwọ nìkan ló lówó ni?"

Ó wo òrùlé mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n Àlàní, ẹ kú ìdúró o."

Mo rò pé ó ń kí mi ni.

Nírọ̀lẹ́ àná, àwọn agbowó-orí dé pẹ̀lú ọlọ́pàá. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ni òjò bẹ̀rẹ̀. Àwọn òrùlé koríko dákẹ́ rọ́rọ́. Páànù mi nìkan ló ń pariwo ní gbogbo abúlé, bí ẹni tó ń pe èèyàn. Gbogbo wọn yíjú síbi tí mo dúró sí lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá," ni ọ̀gá wọn wí, "ẹ kú ìdúró o."