Ilẹ̀ Pálọ̀ Kúnlẹ̀

Àbúrò, jẹ́ kí n tò ó fún ọ lẹ́sẹẹsẹ. Mo sùn lọ́sàn-án, mo sì lálàá pé àìsàn tó ń mú Màmá gbọ̀n tún gbé e ṣubú ní pálọ̀. Mo mú pàṣán tí mo fi ń kọ́ni níléèwé láti na ilẹ̀ fún un, bí a ti ń ṣe fún ọmọdé tó bá ṣubú. Ni ilẹ̀ bá dìde, ó kúnlẹ̀, ó nawọ́ méjèèjì sókè, kápẹ́ẹ̀tì wà lórí rẹ̀ bíi fìlà.

Mo bi í pé, "Ẹ̀ẹ̀melòó lo ti lu Màmá lọ́sẹ̀ yìí?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta."

"'Mà' dà?"

Màmá dúró lófuurufú, kò gbọ̀n rárá. Ó ní, "Tìṣà, jẹ́ kó padà sáyè rẹ̀. Mo fẹ́ rìn lórí rẹ̀."

Ó gbẹ́sẹ̀.

Gbì! Mo jí. Màmá ń ké láti pálọ̀: "Má sáré wá o! Mo ti ń dìde."