Ihò Atẹ́gùn Bàbá Hanadi

Òtútù ibi tí mo wà báyìí ti wọ̀ mí léegun. Síbẹ̀, bí mo bá dijú, ooru Mahalla, ìlú ìhunṣọ wa ní Íjíbítì, ṣì ń mú mi, òórùn òwú àti òróró ẹ̀rọ á sì gba imú mi kan.

Afẹ́fẹ́ ló ń ta òwú kọjá nínú ẹ̀rọ ìhunṣọ wa. Ẹ̀rọ ńlá kan lẹ́yìn ilé ló ń fún afẹ́fẹ́ náà pọ̀, tó ń tì í gba inú rọ́bà wá bá wa. Olúkúlùkù wa sì ti fi ìṣó lu rọ́bà tirẹ̀, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí wa lọ́rùn. Ta ní máa ka ìyẹn sí olè?

Shukri, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Hanadi, ló nílò tirẹ̀ jù. Eruku òwú ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Láìsí atẹ́gùn yẹn, kò lè dúró nídìí ẹ̀rọ di ọ̀sán. Ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo ló kù kó fẹ̀yìn tì. Àṣà ilé-iṣẹ́ wa ni pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ dé ọjọ́ ìfẹ̀yìntì, ọmọ rẹ̀ ló ń gba ìdí ẹ̀rọ rẹ̀; ẹni tó bá kúrò ṣáájú, àyè ti bọ́ nìyẹn. Hanadi ọmọ rẹ̀ ń dúró de àyè náà.

Ni wọ́n bá gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tuntun dé, èyí tí kì í jẹ iná púpọ̀. Bí ẹnikẹ́ni ò bá lo afẹ́fẹ́, á dákẹ́ fúnra rẹ̀. Nihal, ẹnjiníà obìnrin kan tó mọ̀wàá hù, pè wá jọ.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ihò lásán là ń sun iná fún. Ẹ dí gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ yìí bá dákẹ́ títí ìsinmi ọ̀sán fi parí, ọ̀gá ní àwọn á ṣí gbọ̀ngàn kejì padà."

Gbọ̀ngàn kejì! Àwọn àbúrò wa tí wọ́n lé kúrò níbẹ̀ ń ta sìgá lẹ́bàá ọ̀nà. A dí ihò wa. Ti Bàbá Hanadi nìkan la fi sílẹ̀. Bí Nihal bá ń fi ọṣẹ wá ibi tó ń jò lára rọ́bà, tó sún mọ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀, a ó fi tíì dá a dúró lọ́nà.

Ọ̀sán dé, a jókòó ti búrẹ́dì àti ẹ̀wà. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ dákẹ́. Kò pẹ́, ihò kan tó kù tún jí i, ó bú ramúramù. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ kejì.

Ragab, tí àbúrò rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n lé, pariwo pé, "Bàbá Hanadi, ṣé ìyàwó tuntun lẹ fi pa mọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ yẹn ni, tẹ́ ò lè fi í sílẹ̀?"

A rẹ́rìn-ín. Bàbá Hanadi náà rẹ́rìn-ín, ó wúkọ́.

"Ragab, ìwọ tó o máa ń hanrun nídìí iṣẹ́, èémí tèmi lo tún fẹ́ gbà kún tìẹ?"

"Ẹ̀yin ẹnì kan nìyẹn. Àbúrò mi lọ́mọ mẹ́ta nílẹ̀."

Ẹ̀rín tán. Kò sẹ́ni tó ní kí Ragab pa ẹnu mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, Bàbá Hanadi ò wá jẹun. Ó jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò dí ihò náà. A jẹun, a mu tíì, a mu sìgá. Ẹ̀rọ ò mí. Nígbà tí aago iṣẹ́ lù, a pàtẹ́wọ́, a ń fi ọwọ́ lu abọ́.

Nihal sáré wọlé, ó yẹ ẹ̀rọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bá Bàbá Hanadi níbẹ̀. Ó lóṣòó tì í.

"Bàbá, ẹ gbọ́wọ́ kúrò."

"Bí mo bá gbé e, ẹ̀rọ á ké."

"Mo mọ̀, Bàbá."

Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ra àtàǹpàkò tó ti ń kú tipiri náà, ó sì ní kí wọ́n pààrọ̀ rọ́bà sí èyí tó yi, tí ìṣó ò lè gún. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Gbogbo wa lẹ ràn lọ́wọ́."

Oṣù yẹn ò parí tá a fi gbé Bàbá Hanadi jáde nídìí ẹ̀rọ. Kò padà mọ́. Ilé-iṣẹ́ ní àìsàn kì í ṣe ìfẹ̀yìntì. Nígbà tí Hanadi wá béèrè, wọ́n ní kó bá àwọn kí bàbá rẹ̀.

Gbọ̀ngàn kejì ò ṣí. Ọ̀gá ní iná tá a dín kù wu òun, ṣùgbọ́n ọjà ò yá. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n gbà, sídìí ẹ̀rọ Bàbá Hanadi tó ṣófo: àbúrò Ragab. Lọ́sàn-án ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀wù rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó gbójú sókè.

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, níbo lẹ ti ń rí atẹ́gùn níbí?"

Ragab tẹrí ba, ó ń so òwú tí kò já.