Ẹsẹ̀ Àlọ, Ẹsẹ̀ Àbọ̀

Kò sí bàtà kan ládùúgbò yẹn tí Àǹtí Bàtà kò mọ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ojú ènìyàn lè ṣòro fún un láti rántí, àmọ́ kí onítọ̀hún ṣáà ti gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀, yóò sọ ọjọ́ tó kan ìṣó mọ́ ọn, yóò sì sọ bóyá gìgísẹ̀ lẹni náà kọ́kọ́ ń tẹ̀ tàbí ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Ọdún kejìlélógún rẹ̀ rèé nídìí iṣẹ́ títún bàtà ṣe, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju balùwẹ̀ lọ, tó ń run gọ́ọ̀mù àti awọ. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo ilẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ igbó ni Bàbá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Bí màlúù bá sọnù, bí ẹni tó lọ ṣẹ́gi bá ṣìnà, àwọn ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè. Wọn kì í sáré, wọn kì í pariwo. Wọ́n á kàn lóṣòó sórí ilẹ̀, wọ́n á wò ó bí ẹni ń ka lẹ́tà. Nígbà tí Àǹtí Bàtà wà ní kékeré, tí Bàbá ń pè é ní Tíntín, ní àárọ̀ gbogbo Sátidé ni wọ́n máa ń gbá yanrìn àgbàlá títí yóò fi tẹ́jú, wọ́n á wá ti òun àti àbúrò rẹ̀ mọ́lé. Tó bá di ọ̀sán, wọ́n á pè wọ́n síta. "Ta ló kọjá? Kí ló gbé lọ́wọ́? Ṣé ó ti padà?" Ìbéèrè mẹ́ta yẹn náà ni, wọn kì í yí i padà. Òfin wọn kò sì pọ̀: má tẹ ipasẹ̀ tí ò ń tọ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí o gbà. Bó bá sì dá mọ́ ọ lójú, má rìn káàkiri. Dúró ti èyí tó kẹ́yìn, kí o máa ṣọ́ ọ.

Bàbá yìí kan náà ni kò mọ àárọ̀ yàtọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ mọ́. Ọdún méjì sẹ́yìn ni ìgbàgbé wọ̀ wọ́n lára. Lọ́jọ́ kan wọ́n á pe ọmọ wọn ní nọ́ọ̀sì, lọ́jọ́ kejì wọ́n á bi í léèrè ìgbà tí ìyá rẹ̀ ń bọ̀ láti ọjà, ìyá tó ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án. Ó ti pẹ́ tí orúkọ Tíntín ti jáde lẹ́nu wọn gbẹ̀yìn. Ó máa ń dun Àǹtí Bàtà dọ́kàn, àmọ́ yóò dáhùn pé, "Ó ń bọ̀, Bàbá," ẹ̀dọ̀ wọn á sì rọ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, òjò rọ̀ ní ìdájí. Agogo méje àárọ̀ ni Àǹtí Bàtà gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, ó gbé bàtà iṣẹ́ mẹ́fà lọ fún àwọn tó ń ṣe bíríkì lódìkejì odò. Bàbá ṣì ń sùn. Ẹsẹ̀ ló fi lọ. Nígbà tó ń bọ̀, ó gun alùpùpù létí títì níbẹ̀, ó gba afárá ńlá, ó sì sọ̀ sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò yà sílé. Àbúrò rẹ̀, tó ń fi ọkọ̀ pín búrẹ́dì, a máa dé ọ̀dọ̀ Bàbá ní agogo mẹ́wàá, nítorí náà ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Agogo mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ni àbúrò náà já wọ ṣọ́ọ̀bù. Kò tilẹ̀ kí i.

"Àǹtí mi, ṣé Bàbá wà lọ́dọ̀ yín?"

Òòlù bọ́ lọ́wọ́ Àǹtí Bàtà. "Lọ́dọ̀ mi báwo?"

"Wọn ò sí nílé. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀. Ọ̀pá wọn náà ò sí."

Àǹtí Bàtà dìde, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni odò. Ẹ̀yìn ilé wọn lọ́nà tó lọ sódò ti bẹ̀rẹ̀, odò náà sì máa ń kún lẹ́yìn òjò títí yóò fi máa lá abẹ́ afárá onípákó. Ó tún gbójú sókè, ó rí i pé ojú ọ̀run ti ń ṣú padà. Bí òjò kejì bá rọ̀, yóò pa gbogbo ipasẹ̀ rẹ́.

"O ò sáré kiri àgbàlá, àbí?" ló bi àbúrò rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ.

"Mo sáré díẹ̀."

"Díẹ̀ bíi mélòó?"

"Bíi gbogbo ẹ̀."

Ká ní kì í ṣe pé ọkàn rẹ̀ ti dàrú, ì bá fi ẹnu gé e jẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kọjá ọgbà sí ojú ọ̀nà ẹ̀yìn, ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́, ó rọ̀, ó sì gba ẹsẹ̀ dáadáa. Sálúbàtà Bàbá rèé. Ẹsẹ̀ òsì wọlẹ̀ geere, ẹsẹ̀ ọ̀tún fa ìrù sẹ́yìn nítorí eékún tó ń dùn wọ́n. Àmì ọ̀pá náà rèé, ó rí róbótó, rọ́bà táyà tí Àǹtí Bàtà fọwọ́ ara rẹ̀ gé sí ìdí ọ̀pá náà. Ó fẹ́ẹ̀ dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ilẹ̀. Àfi bó ṣe rí ẹsẹ̀ kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Bàbá.

Bàtà obìnrin ni. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ níwájú, ìṣó méje sì yí gìgísẹ̀ rẹ̀ po, èyí keje wọ́ sápá kan. Àǹtí Bàtà tẹ̀ba, ó wò ó, ojú rẹ̀ sì pọ́n.

"Aránṣọ!" ló wí. "Èmi ni mo kan ìṣó yìí. Ìṣó keje tó wọ́ yìí ló torí ẹ̀ pariwo lé mi lórí lójú gbogbo ayé, tó ní òun ò gba bàtà mọ́. Bàtà Aránṣọ ni. Òun ló fọwọ́ fa Bàbá lọ!"

"Kí ló máa fi Bàbá ṣe?"

"Kó lè dùn mí ni!"

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àbúrò rẹ̀. Láti ọdún tó kọjá ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti Aránṣọ kò ti kí ara wọn mọ́, bẹ́ẹ̀ ojúlé mẹ́rin péré ló wà láàárín wọn. Wọ́n gba orí koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe kọ́ wọn, wọn kò tẹ ipasẹ̀ kankan. Àǹtí Bàtà rí i pé níbi púpọ̀ ni ọ̀pá Bàbá ti fa òbìrípo kékeré yí ipasẹ̀ obìnrin náà ká. Ó rò pé ọwọ́ wọn ló ń gbọ̀n. Inú tó ń bí i kò jẹ́ kó rò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀nà náà gba ẹ̀yìn ilé Aránṣọ kọjá. Aránṣọ wà níwájú ẹ̀rọ rẹ̀ lábẹ́ ìbòjì, ó rọ téèpù sọ́rùn, ó fi pín-ìnnì bíi mẹ́fà há ẹnu. Àǹtí Bàtà kò dúró ti ìkíni. Ó bọ́ sórí yanrìn tútù tí obìnrin náà gbá láàárọ̀, ó lọ dúró níwájú ẹ̀rọ, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Níbo lo mú bàbá mi lọ?"

Aránṣọ wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ pín-ìnnì lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gún un mọ́ tìmùtìmù, kò kánjú rárá. Ó ku ẹyọ kan, Àǹtí Bàtà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a yọ ọ́.

"Bàbá wo?" ni Aránṣọ wí níkẹyìn. "Àti àárọ̀ ni mo ti wà nídìí ẹ̀rọ yìí. Kí ló ṣe Bàbá?"

"Má purọ́ fún mi. Bàtà ẹ la rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Oníṣòó méje!"

"Oníṣòó méje," ni Aránṣọ wí, ó dìde dúró. "Bàtà tí mo gbé fún ẹ lọ́dún tó kọjá, tí mo ní mi ò gbà mọ́? Ṣé mo wá gbé e lọ́dọ̀ ẹ ni? Ìwọ wo ẹsẹ̀ ara ẹ, ìyáàfin."

Àǹtí Bàtà wolẹ̀.

Bàtà náà ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ló gbé e kúrò lórí pẹpẹ pé kí awọ má bàa gan, ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ wò, ó bá a mu, ó sì gbàgbé láti bọ́ ọ. Ìsàlẹ̀ bàtà gbogbo ayé ló mọ̀, àmọ́ kò gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ sókè wò rí. Ó bojú wẹ̀yìn. Lórí yanrìn Aránṣọ, láti etí koríko títí dé ibi tó dúró sí, ìṣó méje, ìṣó méje, èyí keje wọ́ sápá kan. Àbúrò rẹ̀ yíjú sápá ibòmíì, ikọ́ kan tí kì í ṣe ikọ́ gidi sì mú un.

Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ì bá wọlẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí ìtìjú náà tó bò ó tán, nǹkan mìíràn ti là sí i lọ́kàn.

"Èmi ni mo gba ibí kọjá láàárọ̀," ló wí wẹ́rẹ́. "Kò sẹ́ni tó mú Bàbá dání. Bàbá ń tọ ipasẹ̀ mi ni."

Gbogbo rẹ̀ wá yé e. Òbìrípo kékeré wọ̀nyẹn kì í ṣe ọwọ́ gbígbọ̀n. Bí Bàbá ṣe máa ń sàmì sí ipasẹ̀ nínú igbó nìyẹn, láyé ìgbà tí ojú iṣẹ́ ṣì ń dán. Wọ́n jí, wọn kò rí i nílé, wọ́n lọ wo ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé, wọ́n rí ẹsẹ̀ tó lọ. Ṣé ó ti padà? Ẹsẹ̀ àbọ̀ kò sí.

"Níbo lo gbà lọ láàárọ̀?" ni Aránṣọ bi í.

"Orí afárá onípákó."

Aránṣọ fa agboòrùn yọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ti iwájú wọn bọ́ sọ́nà.

Odò náà kún lóòótọ́. Ó ti pọ́n bí omi tí wọ́n fi fọ ìkòkò amọ̀, ó ń hó lábẹ́ pákó méjì náà, kò sì sí ohun ìdìmú kankan níbẹ̀ àfi okùn kan tó ti dẹ̀. Ẹsẹ̀ Bàbá dé etí omi, ó dúró, ó yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún. Àǹtí Bàtà fi ọwọ́ di ẹnu. Àbúrò rẹ̀ ló tẹ̀ síwájú, tó lóṣòó sídìí pákó, tó sì fi orí rẹ̀ kan ilẹ̀ tán kó lè wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà.

"Ẹrẹ̀ wà lórí pákó," ló wí. "Róbótó. Òmíì rèé. Òmíì tún rèé lọ́ọ̀ọ́kán. Àǹtí mi, wọ́n ti sọdá! Wọ́n sọdá láyọ̀!"

Àǹtí Bàtà bú sẹ́kún níbẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín nínú ẹkún náà. Aránṣọ gbá a lápá mú, wọ́n sì jọ sọdá, obìnrin méjì tí wọn kò kí ara wọn fún ọdún kan gbáko.

Òjò ti ń ta tó tó nígbà tí wọ́n yọ sí títì níwájú ibi tí wọ́n ti ń ṣe bíríkì. Bàbá rèé. Wọ́n jókòó sórí òkìtì bíríkì fífọ́, ọ̀pá wọn wà láàárín orúnkún, orí wọn wà lófìfo, omi sì ń kán sí i. Fìlà wọn wà nílẹ̀ níwájú wọn, lórí ẹrẹ̀, létí ọ̀dà títì gan-an.

"Bàbá!" Àǹtí Bàtà sáré.

Bàbá gbé ọ̀pá sókè, wọ́n fi dá a dúró. "Ẹ rọra o, màmá. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ ọmọ mi ló wà níbẹ̀."

Ó dúró gbagidi.

"Ó jáde láàárọ̀, kò tíì bọ̀," ni Bàbá wí, wọ́n ń ṣàlàyé fún un bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀. "Mo tọ̀ ọ́ dé ibí. Ibí ló parí sí, àfi bí ẹni pé ó fò lọ. Mo dẹ̀ ní kí n má rìn káàkiri. Òjò ń bọ̀, mo ní kí n bá a bo èyí tó kẹ́yìn."

Ibẹ̀ gan-an ni Àǹtí Bàtà ti gun alùpùpù ní agogo mẹ́jọ. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìlà náà, ó sì yọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Ẹ ṣí fìlà, Bàbá. Ẹ wò ó."

Bàbá ṣí i. Wọ́n wo ti abẹ́ fìlà, wọ́n wo èyí tuntun. Wọ́n fi ṣóńṣó ọ̀pá ka ìṣó náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kà á dé méje, wọ́n sì dúró.

"Èyí tó kẹ́yìn wọ́," ni wọ́n wí.

"Ó wọ́, Bàbá."

"Mo ṣáà sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá," ni Aránṣọ wí lábẹ́ agboòrùn.

Ojú Bàbá kúrò nílẹ̀. Ó gun bàtà, ó gun etí ìró, ó rọra ń gòkè bọ̀ títí tó fi dé ojú ọmọ wọn. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Tíntín," ni wọ́n pè é. "Níbo lo wà látàárọ̀?"

"Mo lọ gbé bàtà fún àwọn oníbíríkì, Bàbá. Mo ti dé."

"Ó dára," ni wọ́n wí, wọ́n mí kanlẹ̀. "Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ti bà mí."

Ẹ̀rù ti ba gbogbo wọn. Àbúrò gbé Bàbá dìde, Aránṣọ ṣí agboòrùn lé wọn lórí, Àǹtí Bàtà sì gbọn ẹrẹ̀ kúrò lára fìlà, ó dé e fún wọn. Òjò wá já bọ́ wàá. Ó pa ipasẹ̀ méjèèjì rẹ́, kò sì dun ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí Bàtà fi tìtìjú gbé bàtà náà, ó ti nù ún, ó ti kùn ún, ó lọ bá Aránṣọ. Ó ní òun yóò yọ ìṣó keje, òun yóò tún un kàn kó gún. Aránṣọ dá bàtà padà sí i lọ́wọ́. "Máa wọ̀ ọ́ lọ," ló wí. "O ò sì gbọdọ̀ tún ìṣó yẹn kàn o. Bàbá ti mọ̀ ọ́n."

Àbúrò kó yanrìn wá, wọ́n sì tẹ́ ẹ láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn dé ẹnu ọgbà. Àǹtí Bàtà a máa gbá a ní gbogbo àárọ̀ kó tó jáde. Ibikíbi tó bá sì lọ, kì í lọ tààrà sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Yóò kọ́kọ́ yà sílé, yóò gba orí yanrìn náà wọlé, yóò tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ọjọ́ mìíràn wà tí Bàbá á wò ó lójú tí wọn kò ní mọ̀ ọ́n. Wọ́n á mú ọ̀pá wọn, wọ́n á jáde lọ lóṣòó sórí yanrìn, wọ́n á ka ìṣó náà ní àlọ, wọ́n á kà á ní àbọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á padà wọlé wá jókòó.

"Ọmọ mi ti dé," ni wọ́n á sọ fún un.