Ẹni Tó Ń Sáré Tẹ̀lé Onídà

Ajórin kì í ṣe ẹni tó ń fi ẹ̀lẹ̀ ṣe nǹkan. Bí bóòtù bá ti dógùn-ún mọ́ irin, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ ìjórin á ta epo sí i, wọ́n á ní sùúrù. Òun á ti gbé òòlù. Bí wọ́n bá sọ fún un pé ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, á ní irin ò gbọ́ èdè ẹ̀sọ̀. Kì í ṣe pé kò ní làákàyè o. Ìyá àti bàbá rẹ̀ ló tètè kú, tí wọ́n fi àbúrò kan ṣoṣo sí i lọ́wọ́ kí irùngbọ̀n tó hù lágbọ̀n rẹ̀, òun ló sì tọ́ ọ dàgbà.

Nítorí náà, nígbà tí Ìyá Télọ̀, aládùúgbò wọn, kọ́ àwọn méjèèjì ní eré orí tábìlì tí obìnrin náà fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ, ẹ̀yin náà ẹ mọ irú ẹni tí Ajórin máa yàn. Eré náà kò le. Ìyá Télọ̀ ni yóò máa sọ ìtàn: igbó rèé, ihò àpáta rèé, ẹranko rèé. Àwọn yòókù á di ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ìtàn náà, wọ́n á sọ ohun tí ẹni náà fẹ́ ṣe, dáìsì olójú ogún á sì dá ẹjọ́ bóyá ó ṣeé ṣe. Ajórin mú onídà, ó sọ ọ́ ní Àjàkú-Akátá. Àbúrò rẹ̀, tó ń tún aago ọwọ́ ṣe, mú oníwòsàn, ó sọ tirẹ̀ ní Ẹ̀rọ̀.

Òfin kan wà tó jẹ́ ti onídà nìkan. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìlọ́po méjì ni ọgbẹ́ tó ń dá sí ọ̀tá lára. Bí ẹnìkan bá dúró tì í, ìlọ́po náà bọ́ nìyẹn. Oníwòsàn ní tirẹ̀, àfi kó fọwọ́ kan èèyàn kó tó lè wò ó sàn. Bí Àjàkú-Akátá bá ti ń sáré síwájú, Ẹ̀rọ̀ á sáré tẹ̀lé e, á fọwọ́ kàn án fìrí, á tún sá sẹ́yìn kí ìlọ́po náà má bàa bọ́. Ìyá Télọ̀ máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Ẹ̀yin méjèèjì yìí, ọ̀kan ń wá ikú kiri, èkejì ń sìn ín lọ." Wọ́n á rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín ti wọ́n báyìí. Àbúrò wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, kókó tí wọ́n gé kúrò níkùn rẹ̀ ti padà wá. Dókítà ní àwọn lè tún un gé, ṣùgbọ́n ìrètí ibẹ̀ kò tó nǹkan, ó sì fẹ́ gbọ́ èsì kó tó kúrò níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Gbogbo ẹni tó bá béèrè ni Ajórin ti dá lóhùn: wọn á gé e. Àbúrò ò tíì sọ nǹkan kan, Ajórin ò sì bi í. Ẹ̀rù ló ń bà á, ká má parọ́.

Orí tábìlì oúnjẹ aláìsàn ni wọ́n ti ń ṣeré lọ́sàn-án yẹn. Wọ́n ti bá ejò oníná kan pàdé nínú ihò. Ejò náà ti gbọgbẹ́, ṣùgbọ́n ó ti jó Ẹ̀rọ̀ débi pé ẹ̀mí rẹ̀ ku táṣẹ́rẹ́.

"Ajórin, ìwọ ló kàn," ni Ìyá Télọ̀ wí. "Ẹnu ihò ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn yín. O lè gbé Ẹ̀rọ̀ kọ́ èjìká kí ẹ jáde."

"Mò ń gé ejò, Mà."

"Ẹ̀rọ̀ wá ńkọ́?"

"Bí ejò bá kú, a máa rí ti Ẹ̀rọ̀ rò."

Ó ju dáìsì. Ojú tó ga jù lọ ló ṣí, idà wọlé dé èèkù. Ajórin dìde lórí àga. "Ó kú?"

"Kò kú."

Ó wá kan Àbúrò. Ẹni tórí rẹ̀ pé, ẹnu ihò ló máa gbà.

"Mo lọ bá Àjàkú-Akátá," ni ó wí. "Mo fọwọ́ kàn án. Gbogbo ìwòsàn tó kù lọ́wọ́ mi, mo fún un. Mi ò sì sá sẹ́yìn."

Ìyá Télọ̀ ju dáìsì fún ejò. Iná bo àwọn méjèèjì. Ẹ̀mí tí Àjàkú-Akátá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ló yọ ọ́. Ẹ̀rọ̀ kú.

Ajórin fọwọ́ lu tábìlì, dáìsì fọ́n ká sílẹ̀. "Kí ló ṣe ọ́ gan-an? Ọ̀nà là sílẹ̀! Kí ló dé tó ò sá?"

"Bọ̀ọ̀dá, níbo ni kí n sá lọ? Èmi ò bá ejò kankan jà rí. Ẹ̀yin ni mò ń sá tẹ̀lé kiri." "Iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ yẹn, torí yín ni mo ṣe gbà. Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Wàá kú nílé!"

"Màá kú níbí náà. Látìgbà tí àìsàn yìí ti dé, ẹ ti bá dókítà jà, ẹ ti bá nọ́ọ̀sì jà, kò sẹ́ni tó ń ta oògùn tẹ́ ẹ ò tíì sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Yàtọ̀ sí eré yìí, ẹ ò jókòó tì mí rí. Mi ò fi bú yín o, ẹ̀yin lẹ tọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ ò jókòó tì mí rí."

Ìyá Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ṣa dáìsì, ó sì pẹ́ lábẹ́ tábìlì ju bí dáìsì ṣe pọ̀ tó lọ.

Inú kọ́kọ́ bí Ajórin, lẹ́yìn náà ojú tì í. Ìfẹ́ ló fi ń sáré láti ọjọ́ yìí, kò sẹ́ni tó lè jà á níyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló ń lé e.

Dókítà wọlé. Ajórin ló kọjú sí, torí gbogbo wọn ti mọ̀ pé òun ló máa ń dáhùn. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká máa palẹ̀ mọ́ fún iṣẹ́ abẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" ti wà lẹ́nu Ajórin. Ó gbé e mì. "Ẹ bi òun fúnra rẹ̀."

"Ilé ni mò ń lọ, Dókítà," ni Àbúrò wí, ó sì ń wojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń retí ìjà. Ajórin ò jà. Dókítà mi orí, ó ní òun máa kọ oògùn ìrora fún wọn, ó jáde.

Ajórin fa àga mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó. Kò mọ ibi tó yẹ kó gbé ọwọ́ rẹ̀ sí. Ó wá béèrè ohun tí kò béèrè rí látìgbà tí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Ó ń dùn mí gan-an, Bọ̀ọ̀dá." Àbúrò bú sẹ́kún. "Ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí."