Ibi Tí A Ti Ń Gbàlejò

Ohun kan ṣoṣo ni Alhaja Zùwáírátù ń fẹ́ lọ́wọ́ ìjọba: kí nẹ́tíwọ̀kì wọ yàrá ìsàlẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí. Kò tọrọ títì, kò tọrọ iná. Ó ti pẹ́ tó ti ṣíwọ́ títọrọ iná. Nẹ́tíwọ̀kì nìkan ni, ìwọ̀nba èyí tí Alhaji Gàfárù yóò fi rí ojú Nabeelah, ọmọ wọn tó wà ní Kánádà, kí Nabeelah náà sì rí ti bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ilé wọn wà lẹ́yìn Àgbowó, nínú kòtò kan tí àpáta dí níwájú. Nígbà tí Alhaji ń kọ́ ọ, tó ṣì ń ta táyà ní Mọ́kọ́lá tí owó ń wọlé, inú rẹ̀ dùn pé àpáta náà yóò máa bá òun dènà ariwo. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ohun tó ń dènà ariwo lè dènà fóònù pẹ̀lú. Ní gbogbo ilé náà, orí bákónì òkè nìkan ni fóònù ti í gbọ́ràn, ní igun ọ̀tún, létí tánkì omi. Bí èèyàn bá sún kúrò níbẹ̀ díẹ̀, ó parí. Ìpè lásán pàápàá kì í wọlé.

Kí rọpárọsẹ̀ tó dá Alhaji dùbúlẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò le. Bí Nabeelah bá pè, bàbá á gun òkè, á jókòó létí tánkì, á máa bá ọmọ rẹ̀ jà pé kì í jẹun. Nígbà tí apá kan àti ẹsẹ̀ kan kọ̀ṣẹ́, Zùwáírátù di ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ gòkè tó ń gbé e sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni ń gbé oúnjẹ fún aláìsàn. Á ya fídíò Alhaji nísàlẹ̀, á gun àtẹ̀gùn, á fi í ránṣẹ́. Nabeelah á ya tirẹ̀, ìyá á dúró létí tánkì títí tí yóò fi wọlé, á gbé e sọ̀ kalẹ̀. Alhaji á wò ó, á bá àwòrán sọ̀rọ̀, àwòrán kò ní í dá a lóhùn. Orúnkún Zùwáírátù kì í sì í ṣe ti ọmọdé mọ́. Nígbà mìíràn á jókòó sáàárín àtẹ̀gùn, kò gòkè, kò sọ̀, á kàn máa wo ògiri.

Ìdí nìyí tí ara rẹ̀ fi yá gágá lọ́jọ́ tí Alhaji Abdussalam, alága àwọn lanlọ́ọ̀dù, sọ ní ìpàdé pé ìjọba ń bọ̀ wá wọn nẹ́tíwọ̀kì lójúlé sí ojúlé. Máàpù tó wà lọ́wọ́ ìjọba tẹ́lẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta nẹ́tíwọ̀kì ló ti wá, wọ́n sì ti kun gbogbo Ìbàdàn ní àwọ̀ ewé, láti Bódìjà títí dé Challenge, pé ibi gbogbo ló ti wà. Ta ni yóò pe ọjà ara rẹ̀ ní ọjà burúkú? Ìjọba wá ní ó tó gẹ́ẹ́, kí òṣìṣẹ́ gbé ẹ̀rọ wọlé tọ àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Àdúgbò tó bá pupa lórí máàpù tuntun, tí kò ní nẹ́tíwọ̀kì, ni yóò wọ ètò òpó nẹ́tíwọ̀kì tọdún yìí. Èyí tó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, ó dìgbà kan ná.

Ibẹ̀ ni àdúgbò ti ṣe àṣìṣe, àṣìṣe náà sì ni pé wọ́n hùwà dáadáa. Abdussalam ní kí oníkálukú gba òṣìṣẹ́ náà tọwọ́tẹsẹ̀, nítorí ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ó tún ní kí wọ́n rí i pé ẹ̀rọ rẹ̀ kò daṣẹ́ sílẹ̀, torí bí ẹ̀rọ kò bá ṣiṣẹ́, báwo ni ẹ̀bẹ̀ wọn yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ ìjọba? Gbogbo ìpàdé ní òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu lójú àwọn tó ti ń ṣe àlejò látìgbà tí wọ́n ti gbọ́njú.

Obìnrin ni wọ́n rán wá, Fọláyọ̀ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Èkìtì tó ń gbé Bódìjà. Ọ̀sán ló wọ àdúgbò, oòrùn sì mú. Láti orí bákónì, Zùwáírátù ń wò ó bó ṣe ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn. Ilé àkọ́kọ́ gbé àga lọ sórí ihò ṣálángá, torí ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ̀kì wọn máa ń bà lé. Wọ́n tẹ́ ẹní tuntun síbẹ̀, wọ́n sì ń fi abẹ̀bẹ̀ lé òórùn lọ. Ilé tó tẹ̀ lé e fà á lọ́wọ́ gun orí dẹ́kì tí wọn ò tíì parí. Òmíràn ní kó dúró sẹ́nu géètì kó kọjú sí Yunifásítì, ẹnì kan sì na agbòòrùn lé e lórí. Zùwáírátù ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwọn ará àdúgbò rẹ̀ mọ̀wàá hù.

Òun náà ti fọ bákónì láàárọ̀. Ó ti gbé àga Alhaji gan-an síbẹ̀, ó ti gé ọ̀pẹ̀yìnbó sínú àwo, ó sì ti ti ilẹ̀kùn yàrá ìsàlẹ̀ bó ṣe máa ń tì í. Láti ìgbà tí àìsàn ti dé, àlejò kì í wọ yàrá náà. Ọ̀rẹ́ kan láti Mọ́kọ́lá ló kọ́kọ́ wá kí Alhaji, ọ̀rẹ́ náà bú sẹ́kún, Alhaji sì yíjú sí ògiri. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ló sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun báyìí mọ́. Látọjọ́ náà, ìdáhùn kan ló wà fún ẹni tó bá béèrè Alhaji: wọ́n ń sùn.

"Ẹ kú ilé, Alhaja," ni Fọláyọ̀ wí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ kú oòrùn. Òkè ni kẹ́ ẹ máa bọ̀."

Fọláyọ̀ wo àtẹ̀gùn náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ pa ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ṣé kò sí ibi tí mo lè jókòó sí nísàlẹ̀ níbí, Mà? Ẹsẹ̀ mi ti fẹ́ẹ̀ já."

"Èèwọ̀, a ò ní í fi yín sí ìsàlẹ̀."

Àwọn obìnrin méjèèjì gun àtẹ̀gùn, wọ́n di ògiri mú, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Fọláyọ̀ gbé fóònù ìjọba tó fi ń wọn nẹ́tíwọ̀kì lé etí tánkì. Àmì ojú rẹ̀ yí, ó yí, ó dún. Fọláyọ̀ rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa gan-an, Alhaja. Tiyín yìí ló tilẹ̀ dáa jù."

"Alhamdulillahi," ni Zùwáírátù wí, ó gbé àwo ọ̀pẹ̀yìnbó sún mọ́ ọn. "Ó yá, ìgbà wo ni wọ́n máa wá ri òpó náà?"

"Òpó wo, Mà?"

"Òpó nẹ́tíwọ̀kì."

Fọláyọ̀ yí ojú fóònù sí i. "Ẹ̀yin ò nílò òpó, Mà. Ẹ wò ó, àwọ̀ ewé ni gbogbo ilé yín. N ò tíì rí àdúgbò tó dáa tó báyìí láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí."

Zùwáírátù wò ó. Àwọn àmì kéékèèké náà tò lé ojú máàpù, gbogbo wọn rí bákan náà. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí ni orí ṣálángá. Èyí ni orí dẹ́kì. Èyí ni ẹnu géètì. Èyí sì ni tánkì tòun. Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ó jókòó lórí àga ọkọ rẹ̀. Inú rẹ̀ bàjẹ́, ó sì rẹ̀ ẹ́ débi pé kò ráàyè bínú.

"Ibi tó ti dáa la fi yín sí," ló wí.

"Mà?"

"Gbogbo wa. Ibi tó dáa nínú ilé la mú yín lọ. Ṣé ibi tí kò dáa la ó fi àlejò sí ni?"

Fọláyọ̀ dá ọwọ́ dúró. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú, ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò. "Mo bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ti ń lo fóònù, wọ́n sì mú mi lọ síbẹ̀."

"Wọn ò parọ́. Ibẹ̀ nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́."

"Yàrá tí èèyàn ń gbé ni wọ́n ní ká wọ̀n, Alhaja. Yàrá wo ni wọ́n ń gbé nílé yín?"

Zùwáírátù bojú wẹ̀yìn. Àwọn yàrá òkè ti wà ní títì látìgbà tí àwọn ọmọ ti tú ká. Òun fúnra rẹ̀, orí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Alhaji ló ń sùn. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé nínú ilé ńlá yẹn.

"Ẹ dúró dè mí," ló wí, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Alhaji lajú sílẹ̀. Zùwáírátù jókòó tì í, ó sọ gbogbo ẹ̀ fún un, kò fi ọ̀kan pamọ́. Ó ní bí obìnrin náà kò bá wọ yàrá yìí, ìjọba yóò gbà pé nẹ́tíwọ̀kì wà. Alhaji gbọ́ ọ tán. Ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ó máa ń wá a bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò.

"Ó máa... rí mi."

"Ó máa rí yín, Alhaji."

Alhaji yíjú sí ògiri. Zùwáírátù mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ó dìde láti lọ sọ fún obìnrin náà pé kó máa lọ, pé kó má ṣèyọnu. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Fìlà mi."

Ìsàlẹ̀ àpótí ni fìlà náà wà, ó ń rùn káńfọ̀. Zùwáírátù pààrọ̀ aṣọ fún un, ó gbé póò ìtọ̀ pamọ́, ó ṣí fèrèsé gbayawu. Ó dé fìlà náà fún un lọ́gbọọgba. Alhaji gbé ọwọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ sókè, ó gẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bó ṣe máa ń gẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Fọláyọ̀ wọlé, ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrọ́jú, Bàbá. Ọlọ́run á fún yín lálàáfíà."

"Àmín. Jókòó."

Àga kò sí níbẹ̀, ó jókòó sórí ẹní Zùwáírátù. Ó gbé fóònù lé bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ Alhaji, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń wò ó. Ó yí, ó yí, ó yí. Kò dún.

"Kò sí, Bàbá," ni Fọláyọ̀ wí. Àmì kan ti pupa láàárín àwọn àwọ̀ ewé.

"Kò sí... rárá?"

"Rárá, Bàbá."

"Alhamdulillahi," ni Alhaji wí, ó sì já geere, torí ó wà lára ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí àìsàn náà kò rí bàjẹ́. Fọláyọ̀ rẹ́rìn-ín kó tó mọ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ní òun ní láti tún un ṣe kó tó dájú.

"Tún un ṣe. Kò sí... ìkánjú." Alhaji wò ó. "Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ìkẹ́rẹ́, Bàbá."

"Ìkẹ́rẹ́. Mo ní... kọ́sítómà... ní Ìkẹ́rẹ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn awakọ̀ kan tó ra táyà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà kan. Ìtàn náà ń wọ́, Fọláyọ̀ sì ń dúró de ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kò bá a parí rẹ̀. Zùwáírátù dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò rántí ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti bi ẹnikẹ́ni pé ọmọ ibo ni gbẹ̀yìn. Ó ti rò pé iyì rẹ̀ lòun ń ṣọ́ pẹ̀lú ilẹ̀kùn tí òun ń tì. Ó rí i báyìí pé òun ti ọkùnrin náà mọ́bẹ̀ pẹ̀lú iyì ọ̀hún, ó sì dùn ún.

"Ìgbà wo... ni òpó?" ni Alhaji béèrè nígbà tí ìtàn parí.

"N ò ní í parọ́ fún yín, Bàbá. Ó lè pẹ́. Ilé kan ṣoṣo kò sì tó. Mo ní láti padà sí gbogbo àwọn ilé yẹn, kí n wọ yàrá wọn." Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Mo ti rò pé mo ti parí tòní ni."

Alhaji Abdussalam ló gbọ́ hùn-ùn-hùn-ùn ọ̀rọ̀, tó wá wo ohun tó dá òṣìṣẹ́ ìjọba dúró. Ó bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, ó dúró ṣinṣin lójú ọ̀nà. "Wọ́n ń sùn" ti dé orí ahọ́n Zùwáírátù, àfi bí Alhaji ṣe sọ̀rọ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Abdul. Wọlé."

Abdussalam bọ́ bàtà, ó wọlé, ó sì rọra jókòó sórí ẹní bí ọmọdé tí wọ́n pè.

Fọláyọ̀ ní láti padà sókè lọ, torí ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti lè fi ránṣẹ́ sí ìjọba pé kò sí nísàlẹ̀. Zùwáírátù tún tẹ̀ lé e gun àtẹ̀gùn. Bí wọ́n ṣe dé etí tánkì ni fóònù tirẹ̀ gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Nabeelah ni.

"Màámi, ẹ kú ọ̀sán. Bàbá ńkọ́? Ṣé wọ́n ń sùn?"

Ẹ̀rín Abdussalam gba ojú fèrèsé ìsàlẹ̀ gòkè wá, ohùn Alhaji sì ń wọ́ tẹ̀ lé e, ó ń sọ ti awakọ̀ ará Ìkẹ́rẹ́.

"Wọn ò sùn," ni Zùwáírátù wí. "Bàbá rẹ ń gbàlejò."

Kánádà dákẹ́. Zùwáírátù wo ojú fóònù bóyá ó ti já. Kò já. Ọmọ náà ń sunkún ni.

"Má gé e o," ló wí. Ó na fóònù kọjá irin bákónì, sókè fèrèsé yàrá ìsàlẹ̀, dé ibi tí nẹ́tíwọ̀kì lè dé kó tó kú, kí ọmọ náà lè gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀. Fọláyọ̀ gbé báàgì kọ́ èjìká, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń tiro padà lọ sí ilé àkọ́kọ́. Apá ń ro Zùwáírátù, kò sì ká a kò.