Ìkéde Tí Mo Lẹ Ìwé Bò

Èmi ni mo ń kọ ìròyìn ìlú wa sára pátákó. Kì í ṣe iṣẹ́ kékeré o, bó ti wù kí àwọn tó wà ní ọ́fíìsì owó orí máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ tí omi ẹ̀rọ yóò yọ, ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì yóò fún àwọn ọmọdé lábẹ́rẹ́, ọ̀nà tí wọn yóò dí láti tún un ṣe, ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù: ọwọ́ mi ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá. Láràárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kí aago mẹ́jọ tó lù, mo ti lẹ ìròyìn ọ̀sẹ̀ náà mọ́ pátákó ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Rúlà ni mo fi máa ń wọ̀n ọ́n. Bí ìwé bá wọ́ díẹ̀ báyìí, oúnjẹ ọ̀sán kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Bàbá Gọ́ọ̀mù ló kọ́ mi níṣẹ́ náà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́: "Má ya ìwé àtijọ́ kúrò. Lẹ tuntun lé e lórí, pákó á pẹ́." Mo gbà wọ́n gbọ́. Kí n sòótọ́, pákó náà ti jẹrà tipẹ́; ìwé àti gọ́ọ̀mù ló kù tí à ń pè ní pátákó. Ó ti nípọn tó ìrọ̀rí.

Ẹni tó ka pátákó yìí sí jù lọ nílùú ni àbúrò ìyá mi, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Màmá Aránṣọ. Àwọn ló tọ́ mi dàgbà. Abẹ́ tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ ni mo ń sùn sí, ẹ̀yìn pépà tí wọ́n fi ń ya àwòrán aṣọ ni mo sì ti kọ́kọ́ kọ A, B, D. Ṣọ́ọ̀bù náà kò ju yàrá kan lọ, tẹ̀gbọ́n tàbúrò máṣínì méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan ń ṣàìsàn. Lọ́jọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, wọn á gbé awò wọn sójú, wọn á wá dúró síwájú pátákó, wọn á máa fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìròyìn wá bá wọn, ìbéèrè kan ni wọ́n ní: "Ṣé ó wà lára pátákó?" Bí kò bá sí níbẹ̀, irọ́ ni. Orí mi máa ń wú.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ẹnjiníà tó fẹ́ la gọ́tà tuntun wá sí ọ́fíìsì mi. Ó ní kí n mú fáìlì àwọn tó kọ̀wé pé àwọn kò fẹ́ kí gọ́tà gba ilé àwọn. Òfin ni pé ìkéde gbọ́dọ̀ wà lára pátákó fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Bí ẹnikẹ́ni kò bá kọ̀wé, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo ṣí fáìlì. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

"Ó ti parí nìyẹn," ni ẹnjiníà wí. "Ní Ọjọ́bọ̀, ìgbìmọ̀ á buwọ́ lù ú. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, a wó àwọn ilé náà." Inú mi tilẹ̀ dùn, nítorí lẹ́tà tí kò sí kò nílò òǹtẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, mo yà kí Màmá. Mo rí i lára ògiri ṣọ́ọ̀bù: ọ̀dà pupa, àmì àgbélébùú ràgàjì, nọ́ńbà mọ́kàndínlógún sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tẹ ìkéde náà: "Ilé kẹtàdínlógún títí dé ìkọkànlélógún." Ta ló ń fi nọ́ńbà pe ilé nílùú wa? Ilé Màmá Aránṣọ là ń pè é, tó kọjú sí ti alátùn-únṣe aago. Mo tẹ nọ́ńbà náà bí ẹni tẹ nọ́ńbà ilé àjèjì.

Màmá ò tilẹ̀ dá máṣínì dúró. "Ẹnjiníà kan ló wá fi ọ̀dà ba ògiri mi jẹ́. Ó ní àwọn fẹ́ wó mi. Mo kàn rẹ́rìn-ín ni. Mo ní ọmọ mi ló ń kọ pátákó, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mo sì ń kà á tán, kò sí níbẹ̀." Wọ́n gbójú sókè. "Àbí ó wà níbẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ n lọ wò ó, Màmá." Ìdáhùn ojo nìyẹn, mo sì mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kí ẹnikẹ́ni tó dé, mo gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọ̀bẹ lọ sídìí pátákó. Kò sóhun tó le tí kì í rọ̀, gọ́ọ̀mù rọ̀. Mo ṣí ìròyìn ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ṣí ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀. Nígbà náà ni mo kan ìwé gbàgàdà kan tí mo fi àwọ̀ mẹ́ta yí etí rẹ̀ po: ÀDÚGBÒ TÓ MỌ́ JÙ LỌ LỌ́DÚN YÌÍ. Àdúgbò tiwa ló gbapò kìíní. Ọjọ́bọ̀ ni èsì náà jáde, mi ò sì lè mú sùúrù di ọjọ́ Ẹtì. Mo lẹ̀ ẹ́ sí àárín gbùngbùn lójú ẹsẹ̀. Mo ṣí òun náà. Ìkéde gọ́tà ló wà lábẹ́ rẹ̀, mímọ́ tónítóní. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti lẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ méjì péré ló rí oòrùn.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àfọwọ́fà ni, kò sí ẹlòmíràn tí mo lè dá lẹ́bi. Kò sẹ́ni tó rí mi. Bí mo bá lẹ gbogbo rẹ̀ padà, iṣẹ́ mi kò ní bọ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo rántí abẹ́ tábìlì yẹn.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo to àwọn ìwé náà padà léra wọn bí mo ṣe bá wọn, mo tú pátákó kúrò lára ògiri, mo gbé e lérí wọ inú yàrá ìpàdé. Alága wa, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wò mí tìyanutìyanu. "Akọ̀wé, ṣé o ń kó kúrò nílé ni?"

Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo ṣí ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan lójú wọn, mo sì sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹnjiníà ní ọjọ́ mẹ́rìnlá ṣáà ti pé, ìwé sì wà lára pátákó.

Alága gbé ìwé àdúgbò tó mọ́ lé ìkéde náà padà. "Ó dáa. Kà á fún wa."

Ẹnjiníà wò ó títí. Kò rí nǹkan kan kà.

Ìgbìmọ̀ ní kí á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ mẹ́rìnlá láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n sì kọ orúkọ onílé sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà. Èmi gba ìwé ìkìlọ̀. Lẹ́yìn náà, alága ní láti ọjọ́ yẹn lọ, ìyá tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ni yóò máa bójú tó ohun tí mo bá lẹ̀. Àwọn ará ọ́fíìsì owó orí rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn.

Mo lọ jẹ́wọ́ fún Màmá. Lọ́tẹ̀ yìí, máṣínì dúró.

"Kí lo lẹ̀ bò mí?"

"Àdúgbò tó mọ́ jù lọ, mà."

"Àdúgbò ta ni?"

"Tiwa ni, mà."

Wọ́n wo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń gbá lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. "Èmi náà ni mo bá ọ gba ipò kìíní yẹn," ni wọ́n wí. Wọn ò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Kí ọjọ́ mẹ́rìnlá tó pé, lẹ́tà mọ́kànlá wọlé. Mo fi òǹtẹ̀ lu gbogbo wọn, ti Màmá ni àkọ́kọ́: "Mo kà á lára pátákó, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé." Ẹnjiníà fi téèpù wọn ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì rí i pé bí gọ́tà bá gba ẹ̀yìn ilé, ibi tí koríko nìkan wà, kò sí ṣọ́ọ̀bù tí yóò kàn. Mo sáré lọ sọ fún Màmá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Wọ́n ní wọ́n ti gbọ́. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tí í ṣe ọjọ́ Ẹtì, mo lẹ ìkéde ọ̀nà tuntun tí gọ́tà yóò gbà mọ́ pátákó. Ìyá agbálẹ̀ wò ó látòkè délẹ̀, ó ní ó dáa. Màmá dé, wọ́n gbé awò sójú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dé orúkọ wọn.

"Màmá, ṣebí mo ti sọ fún yín lánàá?"

"Ìwọ lo sọ ọ́ lánàá," ni wọ́n wí. Wọ́n bọ́ awò, wọ́n fi etí aṣọ nu ojú wọn. "Pátákó ló sọ ọ́ lónìí."

Nígbà náà ni wọ́n tó rẹ́rìn-ín, wọ́n sì lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù.